Ìwé Àmín Bàbá Mi

Bàbá mi ló fìdí rẹmi jù nínú gbogbo ẹni tí mo tíì rí láyé, mo sì ti rí olóṣèlú tó pọ̀. Kí wọ́n tó bí mi ló ti ń du ipò. Ó du ipò káńsẹ́lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn ológun tó gbàjọba tí wọ́n ní kí gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú lọ jókòó sílé. Lẹ́ẹ̀kíní, ó rí ìbò méje. Lẹ́ẹ̀kejì, ó rí mẹ́rin, ó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé àwọn mẹ́rin yìí gan-an ni ojúlówó. Ó du ipò akọ̀wé nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún aago ṣe lójú títì wa, àwọn márùn-ún péré ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ náà. Ìbò kan ló rí, òun fúnra rẹ̀ ló sì di í. Èyí tó pabanbarì ni ti olórí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó bá a du ú, òun nìkan ló jáde, ni pásítọ̀ bá ní kí ìjọ ṣì máa gbàdúrà sí i títí di ọdún tó ń bọ̀. Síbẹ̀, Ọnọ́rébù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọdé ń pè é bẹ́ẹ̀, àgbà ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹni tó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń dá gbogbo wọn lóhùn bákan náà, bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀ ni.

Diobu là ń gbé ní Port Harcourt, nínú ilé alágbàlá kan tí yàrá márùn-ún wà lápá ọ̀tún, tí márùn-ún wà lápá òsì, tí wọ́n dojú kọ ara wọn bí àwọn tó fẹ́ jà. Papa Ngozi ló ni ilé náà, ọkùnrin Ìgbò kan tí kì í pariwo, tó máa ń wọ ṣòkòtò péńpé káàkiri àgbàlá lọ́jọ́ Sátidé. Òun àti Mama Ngozi ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé pálọ̀ àti yàrá méjì tó kọjú sí títì. Ẹnu ọ̀nà yàrá tiwa ni bàbá mi ti ń tún aago ṣe. Bí mo bá di ojú mi lónìí, àwọn aago yẹn ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Aago ara ògiri tí àwọn èèyàn gbé wá kì í dín ní mẹ́jọ mẹ́sàn-án, kò sì sí èyí tí ohùn rẹ̀ bá ti èkejì mu. Bí èyí bá ń lu mẹ́fà, òmíràn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lu mẹ́ta, èyí tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì á sì lu mọ́kànlá nígbà tó bá wù ú. Ìyá mi kì í dúró de ìkankan nínú wọn. Ó ti jí, ó ti ń lọ ẹ̀wà àkàrà lórí ọlọ. Lódìkejì, Mama Tonye, obìnrin ará etídò tó ń ta ẹja, á máa to ẹja tó rà ní Iwofe sórí àtẹ, á sì máa fi èdè wọn bú àwọn ológbò. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á jókòó sórí àpótí, á máa retí ká wá kúnlẹ̀ kí òun. Àwa ọmọdé á sáré kọjá, a ó ní, “Mama, good morning.” Á ní òun ò mọ Gúdumọ́nì, pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé bàbá òun.

Àwọn èèyàn ti bi mí lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ló dé tí ọkùnrin tó lè tú aago palẹ̀ kó sì tún un tò, kò fi mọ̀ ṣáájú pé òun ò ní wọlé. Ìwé Àmín ló fà á. Ìwé kékeré kan ni, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, bàbá mi sì máa ń fi sábẹ́ apá bí ó bá fẹ́ du ipò, á máa ti ilé dé ilé. Kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dìbò fún òun, ó ní ìyẹn jọ agbe ṣíṣe. Àdúrà ló máa ń gbà. Á gbàdúrà fún baálé ilé, á gbàdúrà fún ìyàwó, fún ọmọ, fún adìẹ tó ń sàba lẹ́yìnkùlé, nígbà tó bá wá kù díẹ̀ kó parí, á ní kí Ọlọ́run gbé òun dé ipò yìí kí òun lè fi sin gbogbo ilé. Yorùbá wo ni yóò gbọ́ àdúrà lẹ́nu àgbà tí kò ní ṣe àmín? Wọ́n á ṣe é kíkankíkan, wọ́n á tún fi “Ẹ ó wọlé lágbára Ọlọ́run” lé e. Bàbá mi á jáde sẹ́nu ọ̀nà, á kọ orúkọ wọn, á kọ Àmín síwájú orúkọ náà. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti ṣe àmín ti dìbò níwájú Ọlọ́run, èyí tó kù kò ju ayẹyẹ lọ. Ìyá Àgbà kìlọ̀ fún un títí ó fi sú u. Á ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí wọ́n ní kó má rí bẹ́ẹ̀ ni? Àmín ò wúwo lẹ́nu.” Bàbá mi á ní kí ìyá òun ṣáà ṣe àmín ná. Ìyá Àgbà á ṣe é, bàbá mi á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé náà láti ọjọ́ tó ti rà á, ìyá mi ni. Bí bàbá mi bá gbàdúrà ipò dé òpin, tí gbogbo wa ṣe àmín, ìyá mi á ní, “Kí Ọlọ́run ṣe èyí tó dáa.” Ìyẹn kì í ṣe àmín, bàbá mi kò sì lè kọ ọ́. Ó máa ń dúró díẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, bóyá á tún nǹkan sọ, ìyá mi á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń bó ẹ̀wà ló sọ fún mi pé òun ò dìbò fún un rí, kì í ṣe ti káńsẹ́lọ̀, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní bí bàbá mi bá wọlé, ta ni yóò máa tún aago ṣe? Ọ̀rọ̀ ni yóò máa sọ kiri ìlú, ebi ni yóò sì pa wá. Mo bi í bóyá bàbá mi mọ̀. Ó ní kí n bó ẹ̀wà mi.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí a padà sí Port Harcourt. Nígbà tí ìlú dojú rú tí oníkálukú ń sá padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, àwa náà sá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, a gbé èyí tí ọwọ́ wa ká, a fi ìyókù sílẹ̀. Papa Ngozi ló bá wa ti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ogun fi dé Port Harcourt, tí àwọn ọmọ ogun ìjọba sì gba ìlú, òun náà sì kó ẹbí rẹ̀ sá wọ àárín ilẹ̀ Ìgbò lọ. Nígbà tí ọ̀nà là, bàbá mi ní a ń padà. A bá koríko tó dé orókun nínú àgbàlá, àwọn kan sì ti fi ilẹ̀kùn yàrá méjì dáná. Mama Tonye nìkan ni kò sá lọ síbì kankan, òun ni Papa Ngozi sì fi kọ́kọ́rọ́ sí lọ́wọ́. Ó ṣí yàrá tiwa fún wa. Papa Ngozi ti kó irinṣẹ́ aago bàbá mi sínú agolo bisikíìtì, ó fi aṣọ dì í, ó gbé e sórí àjà kí ọ̀rinrin má baà dé ibẹ̀. Agbada tí ìyá mi fi ń dín àkàrà, Mama Ngozi ti fi epo pupa pa á tinú tẹ̀yìn, ó sì dojú rẹ̀ dé sórí pákó. Ìyá mi fi ìka kan tọ́ inú rẹ̀, ó wo ìka náà, ó ní, “Kò dípẹtà.” Ló bá jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Mi ò rí ẹni tó ń tìtorí agbada sunkún rí, mo sì rò pé ebi ló ń pa á.

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn yàrá tún kún. Nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni Bàbá Délé, ará Abẹ́òkúta, agbaṣẹ́ṣe tó ń kó oúnjẹ fún àwọn ṣọ́jà. Ó sanra, ó lawọ́, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ọmọ kan nínú àgbàlá yẹn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ nítorí búrẹ́dì tó máa ń pín. Ojú rẹ̀ wà lára pálọ̀ Papa Ngozi. Ó ní ilé tí onílé ò bá sí, eku ló ń jọba níbẹ̀, pé ẹni tó sá wọ inú ogun kò lè padà mọ́, kí a ṣí ibẹ̀ kí òun máa kó àpò ìrẹsì sí i. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn rí àyè tó ṣófo ni, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ní òótọ́ ló sọ. Bàbá mi ní ọkùnrin tó bá wa ti ilẹ̀kùn tiwa, bí a bá ṣí tirẹ̀ fún ìrẹsì, ojú wo la fẹ́ fi wò ó lọ́jọ́ tó bá dé? Ibi tí wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà dé nìyẹn nígbà tí ìjọba ránṣẹ́ sí àdúgbò pé ilé tí onílé rẹ̀ ò bá sí, kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ yan ẹnì kan tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí onílé yóò fi dé. Mama Tonye ní òun ò ṣe mọ́, pé kọ́kọ́rọ́ náà ti ń wọ òun lọ́rùn. Gbogbo ayé rò pé a ó kàn jókòó, a ó fẹnu mú ẹnì kan. Ṣùgbọ́n bàbá mi gbọ́ “yan,” ojú rẹ̀ sì là. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kò tíì fìdí rẹmi.

Ó ní ìbò gidi la máa dì, pẹ̀lú àmì, pẹ̀lú ìkòkò, pẹ̀lú hóró ẹ̀wà. Àgbàlagbà mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ilé náà, ẹ̀wà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àmì tirẹ̀ ni ṣíbí, òun ló fi du káńsẹ́lọ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó ní ṣíbí igi kan tó gùn tó apá mi, ó máa ń fi okùn gbé e kọ́ ọrùn. Ó ní ṣíbí ló ń pín ọbẹ̀ kárí, tí òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ. Wọ́n ní kí Bàbá Délé náà mú àmì, ó rò pé àwàdà ni, ó ní kí wọ́n kọ búrẹ́dì. Ní ìlú tí ebi ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ó dà bíi pé ìbò ti parí nìyẹn. Mama Tonye ló sọ ọ́ síta níbi tó ti ń yan ẹja: “Honourable, spoon wey no carry food, wetin person go do with am?” Bàbá mi dá a lóhùn títí ẹja fi jóná. Ó ṣèlérí pé bí òun bá wọlé, gbogbo aago inú ilé yóò máa lù lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé a ó máa tò wọ ilé ìgbẹ́ láàárọ̀ ní wákàtí wákàtí. Ìlérí kejì yìí ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù.

Ó ká páànù ṣe ohun tí ó ń gbà sọ̀rọ̀ kí ohùn rẹ̀ lè lọ jìnnà, ìyẹn ló sì mú ṣọ́jà kan wọlé tọ̀ wá wá láti oríta. Ṣọ́jà náà béèrè ẹni tó ń ṣe ìpolongo, ó ní ṣé a ò mọ̀ pé ìjọba ti fòfin de òṣèlú ni. Bàbá mi ti ju páànù sẹ́yìn àmù omi, ó sì ti ki ṣíbí bọ inú ẹ̀wù lẹ́yìn, ṣùgbọ́n orí ṣíbí yọ lókè ọrùn rẹ̀ bí ẹni tó ń yọjú. Ó ní, “Oga, no be politics. Na key.” Ṣọ́jà wo bàbá mi, ó wo ṣíbí, ó wo àwọn aago tó wà nílẹ̀. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí òun ti já sómi. Bàbá mi jókòó, ó tú u, ó fọ̀ ọ́, ó tún un tò, aago bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Inú ṣọ́jà dùn, ó ní, “Honourable, you go win am.” Bàbá mi gbé Ìwé Àmín jáde, ó béèrè orúkọ rẹ̀. Ìyá mi ló sáré gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di pé wọ́n kó gbogbo wa lọ.

Ọ̀rọ̀ ìbò yìí sì dun ìyá mi níbi kan tí kò jọ àwọn ti àtẹ̀yìnwá. Etí títì ló ti ń dín àkàrà, lábẹ́ ojú ọ̀run, òjò Port Harcourt kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kí òun lọ sílé. Bó bá ti da epo gbígbóná sínú agbada báyìí, òjò á dé, iná á kú, èèyàn á túká. Bàbá Délé sọ fún un pé bí kọ́kọ́rọ́ bá dọ́wọ́ òun, iwájú pálọ̀ onílé tó ní òrùlé yóò jẹ́ tirẹ̀, kó máa dín àkàrà rẹ̀ níbẹ̀ ní gbígbẹ. Ìyá mi kò fi pa mọ́. Ó sọ fún bàbá mi nígbà tí a ń jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ ìṣáwùrù, gààrí tí wọ́n gbé wá láti Isiokpo, mo ṣì rántí bó ṣe kan díẹ̀. Ó ní, “Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ibi gbígbẹ ni mo fẹ́.” Bàbá mi jẹun tán, ó fọ ọwọ́, ó gbàdúrà ipò rẹ̀ díẹ̀, Ìyá Àgbà ṣe àmín, ìyá mi sì ní kí Ọlọ́run ṣe èyí tó dáa. Nígbà tó di ọjọ́ tó ṣáájú ìbò, bàbá mi ti kọ Àmín mẹ́rìndínlógún, òun fúnra rẹ̀ wà nínú wọn. Bàbá Délé pàápàá wà nínú wọn. Bàbá mi ti lọ gbàdúrà fún un ní yàrá rẹ̀, ọmọlúwàbí sì ni, ó ṣe àmín.

Inú ilé ìwẹ̀ ni wọ́n gbé ìkòkò méjèèjì sí, wọ́n fi aṣọ di ẹnu wọn, wọ́n lu ihò kan sí aṣọ náà. Ṣíbí wà lórí ọ̀kan, búrẹ́dì wà lórí èkejì. Kí oòrùn tó dé àárín orí, ẹnì kan ti jẹ ìdajì búrẹ́dì náà, bàbá mi sì ní òun fẹ́ kí gbogbo èèyàn ṣàkíyèsí pé àmì òun ṣì wà ní pípé. Mo ti wo gbogbo àwọn tó wọlé tó jáde, kò sí èyí tí ojú rẹ̀ sọ nǹkan kan. Nígbà tó kan ìyá mi, òjò bẹ̀rẹ̀, mo sì wọ abẹ́ ìborùn rẹ̀, a jọ wọlé. Kò lé mi. Ó dúró síwájú ìkòkò búrẹ́dì, ọwọ́ rẹ̀ tó di ẹ̀wà wà lókè ihò náà. Òjò ń lu páànù. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí pé èmi náà ń gbọ́ òjò yẹn, mo sì ń rò ó pé bó bá di ọ̀la, a ó tún máa sáré gbé agbada wọlé. Ó dúró pẹ́ débi pé Mama Tonye pè é láti ìta bóyá ó ń wẹ̀ ni. Ìyá mi gbé ọwọ́ kúrò. Ó ní, kì í ṣe fún mi, bóyá kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni, “Agbada mi ò dípẹtà.” Ó sọ ẹ̀wà sínú ìkòkò ṣíbí, ó fa ìborùn bò mí lórí, a jáde.

Mama Tonye ló ka ìbò. Ó tú ìkòkò búrẹ́dì sórí àtẹ ẹja rẹ̀, ó kà á sókè: mẹ́jọ. Bàbá mi ti dìde. Ó ti ṣí fìlà, ó ti yọ ìwé kan jáde láti àpò, ọ̀rọ̀ ìfìdírẹmi rẹ̀ ni, èyí tó ti ń lò láti ayé káńsẹ́lọ̀, tó ti kájọ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí mẹ́rin. Mama Tonye tú ìkòkò ṣíbí, ó kà á, ó tún un kà, ó ní, “Nine.” Bàbá mi kò gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀: òun gba ìdájọ́ ará ilé tọwọ́tẹsẹ̀, òun kí ẹni tó wọlé kú oríire, òun kò sì ní kéèta sí ẹnikẹ́ni. Bàbá Délé fa apá rẹ̀, ó ní, “Ọnọ́rébù, ẹ̀yin lẹ wọlé.” Bàbá mi wò ó, ó wo ẹ̀wà, ó sì ka ọ̀rọ̀ náà dé òpin, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló ní. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bu omi fún un.

Ẹ ò rò pé inú rẹ̀ máa dùn? Ọjọ́ méjì ló fi jókòó ti Ìwé Àmín, tó ń fi bírò tọ àwọn orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmín mẹ́rìndínlógún, ìbò mẹ́sàn-án. Ó ń wá méje tó sọnù. Èmi àti ìyá mi nìkan ló mọ̀ pé mẹ́jọ ni, torí ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án yẹn kò sí nínú ìwé rẹ̀.

Ó ṣe ìjọba rẹ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe ìjọba, mo ń fi ọwọ́ sọ̀yà. Ó fi okùn ṣíbí gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn. Àwọn aago kò lù lẹ́ẹ̀kan náà rí, a sì tẹ̀ síwájú láti máa lọ sílé ìgbẹ́ nígbà tó bá gbọ̀n wá. Ṣùgbọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, á pe ẹlẹ́rìí méjì, á ṣí pálọ̀ Papa Ngozi, á gba eruku, á yí aago ara ògiri kó má baà dúró, á tún ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá Délé bẹ̀ ẹ́ fún yàrá kan péré, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi sọ pé kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fún òun, wọn ò fún òun nílé. Fún ìyá mi, ó wọ abẹ́ ibùsùn, ó fa àwọn pátákó ìpolongo káńsẹ́lọ̀ rẹ̀ jáde, àwọn tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ó gé wọn, ó kàn wọ́n mọ́ òpó mẹ́rin, ó fi páànù bò ó. Bí a ṣe ní ibi gbígbẹ nìyẹn. Àwòrán ṣíbí ńlá kọjú sí títì, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Elekahia wá béèrè àkàrà oníṣíbí. Àwọn tó jẹ níbẹ̀ ju àwọn tó dìbò fún un láyé rẹ̀ lọ.

Nígbà ọyẹ́, wọ́n kéde pé ogun ti parí. Kò pẹ́ sí i, láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ọkùnrin kan àti obìnrin kan lódìkejì títì, wọ́n dúró, wọn ò sọdá. Wọ́n ti rù débi pé Mama Ngozi ni mo fi mọ ọkọ rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé àwọn mìíràn padà dé, wọ́n bá àwọn èèyàn nínú ilé wọn, àwọn èèyàn náà sì lé wọn. Papa Ngozi sọdá dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀ rẹ̀, ó tẹ́ etí sílẹ̀. Aago rẹ̀ ń ké nínú lọ́hùn-ún. Ojú rẹ̀ fà ro, ó rò pé èèyàn ti ń gbé ibẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá mi pé ta ló ń yí aago yẹn. Bàbá mi ló dáhùn láti ẹ̀yìn, ó ti ń wọ kóòtù lórí ṣòkòtò àárọ̀: “Na me, Papa Ngozi. Dem vote me.”

Kò gbà kí wọ́n kàn gba kọ́kọ́rọ́. Ó ní gbígbé ìjọba sílẹ̀ ní ètò. Ó pe gbogbo ilé jáde, ó dúró lórí àpótí Ìyá Àgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí òun ṣe ṣàkóso láti ọjọ́ kìíní, iye ìgbà tí òun gba eruku, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí. Bàbá Délé fúnra rẹ̀ ló sọ̀ ẹrù Papa Ngozi àti ìyàwó rẹ̀ kalẹ̀. Papa Ngozi dúró, ó ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Ìyá mi ló gbé ìjókòó fún wọn, ó ní bí ìjọba ò bá lè dúró, àkàrà ò lè dúró. Ó bu fún Mama Ngozi tààrà láti inú epo. Mama Ngozi kò tíì jẹ ẹ́, ó kọ́kọ́ fi ìka kan tọ́ etí agbada náà, ó wo ìyá mi. Mo ti rí àwọn tó gba ilé àti ìlú lọ́wọ́ èèyàn láti ìgbà náà, mo ti rí èyí tí wọ́n bẹ̀ tí kò kúrò, bàbá mi nìkan ni mo mọ̀ tó bẹ onílé pé kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí òun gbé ìjọba sílẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ dé ọwọ́ Papa Ngozi, ó gbé ọwọ́ lé èjìká bàbá mi, ó ní, “Honourable, God go put you for chair wey big pass this one.” Gbogbo ilé ṣe àmín. Bàbá mi ti ń tọwọ́ bọ àpò, nítorí ó ti rántí pé òun kò ní ipò mọ́, pé òun ti lómìnira láti du òmíràn. Ìgbà náà ni ìyá mi, tó ń yí àkàrà lẹ́yìn wọn, tí kò gbé ojú sókè, ní, “Àmín.”

Bàbá mi yí padà. Ó ní, “Ìyá Àbẹ̀kẹ́, kí lo wí?”

“Àmín ni mo wí.”

Ó wá bírò, kò rí i, etí rẹ̀ ló wà. Ó kọ orúkọ ìyá mi lójú ìwé tuntun, òun nìkan lójú ìwé náà. Ó sì tún du ipò márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn kó tó kú, kò wọ ìkankan. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi báyìí, mo mọ ojú ìwé yẹn láì ṣí i. Lọ́jọ́ náà, ó gbé e wá síwájú mi kí n kà á, inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé, ó ní kí n wò ó, pé lónìí ni ìyá mi tó wá sí ẹ̀yìn òun. Mo la ẹnu láti sọ fún un pé ó ti pẹ́, pé mo wà níbẹ̀. Ìyá mi mú àkàrà gbígbóná kan kúrò nínú epo, ó fi dí mi lẹ́nu.